Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Kọfí, Ìmí Adìẹ àti Òkìtì Ajílẹ̀ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí agboolé kan ní Igbókọ̀dá, ní Màhín tàbí ní Ugbó tí a kò ti ń sin adìẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn kan nínú àwọn tí ń sìn wọ́n ti gbọ́ pé ní ìlú òyìnbó, àwọn ènìyàn a máa tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí fún ọgbà wọn, wọ́n sì ń béèrè bóyá a lè fi bọ́ adìẹ pẹ̀lú. Ìdáhùn wa ni pé a kò gbọdọ̀ fi bọ́ adìẹ rárá, ṣùgbọ́n ó dára fún òkìtì ajílẹ̀.

Èròjà kan wà nínú kọfí tí a ń pè ní káfíìnì. Òun ni kì í jẹ́ kí oorun kun ẹni tí ó bá mu ún. Omi gbígbóná kì í fa gbogbo rẹ̀ jáde, apá kan a máa kù sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ìwọ̀n tí kò ṣe àgbàlagbà ní nǹkan lè da ọkàn adìẹ rú, ó sì lè pa á. Ewé tíì tí a ti rẹ náà ní káfíìnì. Èèpo ara hóró kòkó ní ìbátan rẹ̀ tí a ń pè ní tiobrómìnì, kò sì ṣòro kí irú èèpo bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa láti apá òkè ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí kòkó pọ̀ sí. Ẹ má ṣe fi ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ adìẹ, ẹ má sì ṣe tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ ilé wọn, nítorí adìẹ kì í rí ohun tí ó wà nílẹ̀ kí ó má ṣa á jẹ.

Kí a sọ òtítọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kọfí inú ọ̀rá kékeré tí ọ̀pọ̀ ń rà lọ́jà a máa yọ́ pátápátá sínú omi. Ẹni tí ó bá ń se kọfí lílọ̀ nìkan ni ó ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí yóò tọ́jú, kí ó má sì ju ìdá kan nínú márùn-ún òkìtì lọ. Ọrọ̀ tiwa wà níbòmíràn: èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn tí ń ṣe púpurú ń dà nù, ìfun àti ìpẹ́ ẹja, èèpo àgbọn, àti lẹ́búlẹ́bú igi tí ó ń dà sílẹ̀ níbi tí a ti ń la pákó.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá ti ẹ̀gẹ́ kíkorò, ní májèlé sáyánáìdì nínú. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sá a títí yóò fi máa dá péú, kí adìẹ tó fẹnu kàn án. Èyí tí ó bá bu kò yẹ fún adìẹ mọ́, inú òkìtì ni kí ẹ dà á sí. Ẹ se ìfun ẹja kí ẹ tó fún wọn. Omi iyọ̀ tí a fi rẹ ẹja, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ún, nítorí iyọ̀ púpọ̀ a máa pa adìẹ.

Ewéko olódòdó elése àlùkò tí ń dí ọ̀nà ọkọ̀ tí ó sì ń ya àwọ̀n wa, èyí tí a ń pè ní wọ́tà háyásíǹtì, wúlò fún òkìtì pẹ̀lú. Kì í ṣe ojúoró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, ọdún 1984 ni a sì rí i nínú omi Badagry. Ó ju ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ tí ó jẹ́ omi, nítorí náà ẹ sá a fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ má ṣe kó èyí tí ó wà níbi tí epo rọ̀bì ti ń tàn lójú omi, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa fa èròjà olóró mọ́ra.

Ilẹ̀ wa ni ó ṣòro jù. Yanrìn kì í di omi mú, iyọ̀ wà nínú rẹ̀ níbi púpọ̀, òkun sì ń gbà á lọ́wọ́ wa; ní Ayétòrò, ìlú tí a tẹ̀ dó ní ọdún 1947, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ti gbé lọ. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́ gbọ́dọ̀ mú kí èyí tí ó kù so dáadáa.

Ẹ má ṣe gbé òkìtì ka ibi tí omi ń dé. Ẹ kan pákó lé orí òpó, kí àlàfo wà láàárín wọn. Agbọ̀n ìmí adìẹ kan, agbọ̀n ohun gbígbẹ mẹ́ta: ewé, lẹ́búlẹ́bú igi, èèpo àgbọn tí a gé wẹ́wẹ́. Ìfun ẹja ni kí ẹ bò jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òórùn rẹ̀ yóò lé àwọn aládùúgbò. Omi òjò ni kí ẹ fi wọ́n ọn, kì í ṣe omi òkun, títí yóò fi tutù bí aṣọ tí a fọ̀ tí a sì fún. Kí ó ga tó mítà kan, kí ó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ó lè gbóná. Bí ẹ bá ti irin gígùn bọ àárín rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, tí ẹ fà á yọ, tí ọwọ́ yín kò lè dì í mú pẹ́, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ooru tí ó tó ìwọ̀n 55 Sẹ́síọ́ọ̀sì fún ọjọ́ mẹ́ta a máa pa kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò. Ẹ máa yí i padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè bọ́ sí àárín. Bí ó bá ń rùn, ohun gbígbẹ ni ó ń fẹ́. Ẹ fi àwọ̀n àtijọ́ yí i ká, kí adìẹ má baà tú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí jẹ. Adìẹ tí àrùn pa kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹ sun ún, tàbí kí ẹ sin ín sí ibi gíga tí ó jìnnà sí omi mímu.

Ní bíi oṣù mẹ́ta yóò dúdú, yóò sì máa ta sánsán bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹni tí kò bá lè dúró, tí ó lo ìmí adìẹ tútù, kí ó fi oṣù mẹ́rin sí i kí ó tó já ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Ẹ da ajílẹ̀ jíjẹrà apá kan pọ̀ mọ́ yanrìn apá méjì tí òjò ti fọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Níbi tí iyọ̀ bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, ẹ kó o sínú ọkọ̀ àtijọ́ tí a ti dá ihò sí nídìí, kí ẹ sì gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú tàbí ata sínú rẹ̀.