Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì Kí Ẹ Tó Gbé Mọ́ọ̀tì Fún Aláàtọ̀gbẹ Tó Ń Rọbí

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ la gbé wá. Bí obìnrin bá ń rọbí, àwa Yorùbá a máa gbé mọ́ọ̀tì tàbí gúlúkóòsì lọ, kó lè lágbára. Ṣùgbọ́n ewu ni fún aláàtọ̀gbẹ.

Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ìyá ń wọ ara ọmọ, ọmọ á sì máa pèsè ínsúlíìnì púpọ̀ láti kojú rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ìwọ́, ṣúgà ìyá dáwọ́ dúró, ínsúlíìnì ọmọ ò tíì dínkù. Ṣúgà ọmọ á já wálẹ̀, gìrì sì lè mú un.

Ká febi pa ìyá kọ́ o, àgàgà ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Kí wọ́n máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò ní wákàtí wákàtí, kó wà láàárín 72 sí 126 (4 sí 7 lórí ẹ̀rọ mmol). Bó bá lọ sílẹ̀ jù, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni yóò ní kí ẹ mú nǹkan dídùn wá.

Bí ọmọ bá dé, kó mu ọmú láàárín 30 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà tirẹ̀ náà wò.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ o.