Oògùn Aràn àti Eégbọn: Ẹ Yan Èyí Tí Ó Yẹ Ajá àti Ológbò Yín

Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndó, ajá ni ó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ilé lóru, ológbò ni ó sì ń lé eku kúrò nínú ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n inú iyanrìn àgbàlá tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí náà ni àwọn ọmọ wa ti ń ṣeré. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn rẹ̀, ìdílé rẹ̀ ni ó ń tọ́jú.

Ẹyin aràn ajá lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí ọmọdé bá fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan ẹnu, aràn náà lè wọ ẹ̀dọ̀ tàbí ojú rẹ̀, kí ó sì ba ìríran rẹ̀ jẹ́. Eégbọn ní tirẹ̀ a máa kó àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ ajá, títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó ra oògùn, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́rin:

1. Ohun tí ẹ fẹ́ dènà. Ọ̀pọ̀ oògùn aràn kì í pa eégbọn.

2. Ìwọ̀n ẹran náà. Ẹ gbé e dání, ẹ gun òṣùwọ̀n, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n ara tiyín kúrò.

3. Ọjọ́ orí rẹ̀. Ọmọ ajá a máa gba aràn láti inú ìyá rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ 2 ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní oògùn. Àgbà ajá yóò máa gbà á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

4. Irú ẹran tí ó jẹ́. Permethrin, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn eégbọn ajá, lè pa ológbò. Bí ológbò bá ń gbọ̀n lẹ́yìn tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kàn án, ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko kíákíá.

Ẹ má ṣe da ọ̀tápíápíá sí ara ẹran. Ajá a máa lá ara rẹ̀, májèlé náà yóò sì wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tí ó bá fi pa á lára náà kò ní mọ́. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títà dichlorvos nínú ìgò kékeré.

Ẹ máa kó ìgbẹ́ wọn lójoojúmọ́, kí àwọn ọmọ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko kí ẹ tó náwó.