Kí Ọmọlangidi Tó Mira: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣètò Fíìmù Stop Motion

Ọmọlangidi ni òṣèré nínú fíìmù stop motion. A ó gbé e kalẹ̀, a ó yà á ní fọ́tò, a ó sún apá rẹ̀ díẹ̀, a ó tún yà á. Bí àwọn fọ́tò náà bá ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ojú á rí i pé ó ń rìn. Àwòrán 24 ni fíìmù sábà máa ń fi hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń ya 12, wọn á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni olùdarí fíìmù Wes Anderson ṣe ya Fantastic Mr. Fox, tó jáde lọ́dún 2009. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo á gba fọ́tò 720.

Òṣèré tó jẹ́ èèyàn lè tún ìran kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí a wá ṣa èyí tó dára jù. Ní ti ọmọlangidi, ohun tí a bá gé dànù lè jẹ́ iṣẹ́ odidi ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a ti gé fíìmù náà tán lórí kọ̀ǹpútà kí a tó fọwọ́ kan ọmọlangidi.

Animatic ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí. Ẹ ó ya ìran kọ̀ọ̀kan ní ṣákálá lórí ètò kọ̀ǹpútà bíi Storyboarder tàbí Blender; ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ ó fi fóònù gba ohùn sílẹ̀, ẹ ó tò ó mọ́ àwòrán, ẹ ó sì pinnu àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà. Àwòrán náà kò ní láti rẹwà rárá. Àkókò ni kó péye. Ká ní ìyá kan ń ṣílẹ̀kùn wọlé, ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ẹ wò ó, ó falẹ̀ jù. Méjì àtààbọ̀ ti tó. Fọ́tò 48 ti di 30 nìyẹn, ẹ ò sì tíì tan iná kankan.

Ohùn ló kàn, òun gan-an sì ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré. Dragonframe, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò, máa ń fi ohùn hàn bí ìlà tó ń ga tó ń rẹlẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ó máa gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa kọ irú ẹnu tó bá nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mu. Bí ọmọlangidi bá pe "bàbá" láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá, fọ́tò 6 ni: ètè pàdé ní 1, ẹnu là ní 2 àti 3, ètè tún pàdé ní 4, ẹnu là ní 5 àti 6. Ìró b, m, p àti gb ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí gbogbo wọn ló ń mú ètè pàdé. Bí ètè bá ṣì là níbẹ̀, òǹwòran á mọ̀ pé ohùn ọ̀hún kì í ṣe ti ọmọlangidi náà.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ kọ́ ibi ìran náà sínú Blender, ó tún lè fi hàn yín bóyá ọwọ́ yín á dé ọ̀dọ̀ ọmọlangidi láìkọlu ògiri. Bí kò bá dé, ògiri tó ṣeé yọ ni kí ẹ kàn.

Nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má pa animatic tì. Ìran tí ẹ bá yà tán ni kí ẹ fi rọ́pò àwòrán ṣákálá tirẹ̀, kí ẹ sì wo gbogbo fíìmù náà látòkèdélẹ̀. Bí ìran kan bá gùn ju ohun tí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ ó tètè rí i nígbà tí èyí tó tẹ̀ lé e ṣì jẹ́ àwòrán lásán tí ẹ lè gé kúrú.