Kíkó Ẹrù Ilé: Ohun Èlò Tó Ń Dáàbò Bo Ẹ̀yìn, Ẹsẹ̀ Àti Ilẹ̀ Ilé

Nígbà tí owó ilé bá parí, tàbí tí ènìyàn bá kọ́ ilé tirẹ̀ tó sì fẹ́ kó wọ inú rẹ̀, ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọn yóò pe ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò kí wọ́n wá ṣèrànwọ́. Ọwọ́ lásán ni wọn yóò fi gbá wọ́dùróòbù mú, pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹrù náà lè débi tó ń lọ láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó bá ṣẹ́ lọ́jọ́ náà lè máa dun ẹni tó ni ín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé lọ́dún 2023 pé ènìyàn mílíọ̀nù 619 ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn káàkiri àgbáyé lọ́dún 2020. Kì í ṣe ẹrù gbígbé ló fa gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹrù tí wọn kò gbé bó ti yẹ wà lára ohun tó ń fà á.

Láàárín eegun ọ̀pá ẹ̀yìn kan sí èkejì, ohun rírọ̀ kan wà bíi tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí àwọn eegun náà máa gbo ara wọn. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó na ọwọ́ síwájú gbé ohun wúwo, tó tún yí ìbàdí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, ohun rírọ̀ yìí lè yọ síta, kí ó sì tẹ iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀. Ìfun pẹ̀lú lè gba ibi tí awọ ikùn ti rọ̀ yọ jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìpá.

Nínú ìṣirò tí NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, ṣe lọ́dún 1991, kílógírámù 23 ni ìwọ̀n tó pọ̀ jù tó yẹ kí ẹnìkan fi ọwọ́ gbé. Ìyẹn pàápàá jẹ́ nígbà tí ẹrù bá súnmọ́ ara, tí ó ní ibi dídìmú tó dára, tí kò sì sí yíyí ara. Kò tó ìlàjì àpò sìmẹ́ńtì kan tó jẹ́ kílógírámù 50. Bí ẹrù bá wá jìnnà sí ara tó sẹ̀ǹtímítà 50, ìlàjì ìwọ̀n náà ló kù. Fírísà kò sì ṣeé gbá mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Ó fẹ̀, ọwọ́ kò ká a.

Àwọn kan gbàgbọ́ pé bí àwọn bá ti di ìgbànú fífẹ̀ mọ́ ìbàdí, kò sí ewu mọ́. NIOSH yìí kan náà sọ lọ́dún 1994 pé kò sí ẹ̀rí tó tó pé irú ìgbànú bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo ẹni tí ara rẹ̀ le. Èyí tó tún burú jù ni oògùn tramadol tí àwọn alábàárù mìíràn ń lò kí wọ́n má baà mọ ìrora. Ìrora ló ń sọ fún ènìyàn pé kí ó dáwọ́ dúró; ẹni tó bá pa á lẹ́nu mọ́ yóò máa gbé ẹrù lé ohun tó ti ṣèṣe, oògùn náà sì lè di bárakú.

Ohun tó lè ran ẹ̀yìn lọ́wọ́ ni táyà. Ọmọlanke wúlò ní ìta. Nínú ilé, kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì tí àwọn tó ń já kéèsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń lò ló dára fún fíríìjì, bí wọ́n bá fi okùn so ó mọ́ ọn. Káfíńtà lè kan pákó onígun mẹ́rin pẹ̀lú táyà kéékèèké mẹ́rin fún kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹrù kúrò, kí wọ́n sì tú ilẹ̀kùn àti dígí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú kéré, wọ́n rò pé nítorí onílé nìkan ni. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ méjì tó takora ni ilẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ ìkẹ́rù: ó gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lábẹ́ ẹrù, kò sì gbọdọ̀ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń tì í. Ẹni tó bá da omi ọṣẹ sórí táìlì kí kọ́bọ́ọ̀dù lè máa lọ ti gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹrù nìkan ni ohun tó ń yọ̀ yẹ kó wà. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ táìlì tàbí pákó, kí wọ́n gé àlòkù kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí ojú rẹ̀ tó ní irun kọ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ohun líle tó ń dán ló yẹ, bíi ọmọrí ike ọ̀dà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí wọ́n fi tì í wọlé, kì í ṣe ìka ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa ti ẹrù láti ìsàlẹ̀, nítorí bí wọ́n bá tì í lókè, ó lè dojú dé.

Páálí tí wọ́n tẹ́ sọ́nà láìfi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lè gbé ènìyàn ṣubú bí omi ọṣẹ. Bí ohun onítáyà yóò bá kọjá, pákó pẹlẹbẹ ni kí wọ́n tẹ́, torí táyà kéékèèké ń kó gbogbo ìwúwo sójú kan, táìlì tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo yóò sì fọ́. Èérún táìlì mú bí abẹ. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, ni kí wọ́n wọ̀. Ẹni tó bá fara gbọgbẹ́, kí ó fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà, kí ó sì lọ béèrè nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn.

Lórí àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni ìwúwo ń wọ̀ sí lára jù. Ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó máa pàṣẹ, kí ọmọdé kankan má sì sí nítòsí.

Bí ẹ̀yìn bá ń dun ènìyàn lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kò dára kí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí agbára rẹ̀ bá ti tó. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, bí ojú ara tàbí ìdí rẹ̀ bá kú tipiri, tàbí tí kò lè tọ̀ tàbí kó ìtọ̀ dúró, ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.