Ilé-iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, kí ni ká ṣe sí widget tó fi sílẹ̀?

Nígbà tí Apple gbé macOS Catalina jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Dashboard kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Láti 2005 ni àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà Mac ti ń fi í wo aago, kàlẹ́ńdà àti ojú ọjọ́, nínú àwọn ètò kéékèèké tí à ń pè ní widget. Kì í ṣe Apple nìkan. Google ti ti iGoogle, ojú ìwé tí irú ètò kéékèèké bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀, pa ní oṣù Kọkànlá 2013. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje 2012, Microsoft kìlọ̀ fún àwọn tó ń lo Windows Vista àti Windows 7 pé kí wọ́n pa gadget, ìyẹn orúkọ tí Microsoft ń pe widget tirẹ̀, orí ẹ̀rọ wọn, nítorí pé ọ̀daràn lè gba ibẹ̀ wọlé.

Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló bá wọn lọ, ó sì dùn mí, torí pé ohun tí wọ́n fi ṣe é kò tíì kú. HTML, CSS àti JavaScript ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn widget náà, àwọn ni wọ́n sì fi ń kọ ìkànnì títí dòní. Bí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe di ẹrù tirẹ̀ ni kò bára mu: fáìlì Info.plist ni Apple fi ṣàpèjúwe widget, Microsoft lo gadget.xml.

W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún àwọn ìkànnì, gbìyànjú láti fi òpin sí àìbáramu yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011 ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà kan tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́: fáìlì ZIP kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .wgt, tí config.xml wà nínú rẹ̀ láti sọ orúkọ widget náà, ẹ̀dà rẹ̀ àti ẹni tó kọ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé widget àtijọ́ sínú ìlànà yìí, tó sì ní Mac àtijọ́ nílé, lè wo inú fódà Library, kó ṣí Widgets. Kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó ni iṣẹ́ náà gbà kí ẹlòmíràn tún un ṣe. Gbígbé orúkọ àti ìwọ̀n láti Info.plist lọ sínú config.xml kò le rárá. Ti íntánẹ́ẹ̀tì ló gba ìrònú. Lọ́dọ̀ Apple, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lásán ni: ṣé widget yìí lè jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì? W3C ní kí o dárúkọ ibi tó ń lọ. Ó yẹ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ka kóòdù náà láti òkè dé ilẹ̀, kó mọ gbogbo àdírẹ́sì tó ń kàn sí. Mo fara mọ́ W3C níbí gan-an, torí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tí ètò orí ẹ̀rọ rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn widget kan wà tí kò ṣeé gbé. Widget tó ń lo widget.system, tó ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kò rí àyè irú ìyẹn nínú ìlànà W3C. Bákan náà ni gadget tó gbára lé ActiveX, irinṣẹ́ Microsoft. Èyí tó ń gba ìròyìn ojú ọjọ́ láti orí sáfà tí wọ́n ti pa yóò ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní í rí nǹkan kan sọ.

Ìlànà náà tún fún wa ní fódà kan tó ń jẹ́ locales. Fi fódà yo sínú rẹ̀, kó ọ̀rọ̀ Yorùbá síbẹ̀, ẹni tó bá yan Yorùbá lórí ẹ̀rọ rẹ̀ yóò sì rí i ní Yorùbá láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan kóòdù tó kù.

W3C fúnra rẹ̀ ti kéde ní 2018 pé ìlànà yìí ti di àtijọ́; manifest, fáìlì àpèjúwe tí a ń fi JSON kọ, ló gbapò rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀ ṣì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Tizen, ètò tó ń darí tẹlifíṣàn Samsung, ṣì ń gba fáìlì .wgt, Cordova tí wọ́n fi ń kọ áàpù fóònù sì ń lo config.xml tó wá láti inú ìlànà yìí. Ẹni tó bá ti gbé widget rẹ̀ dé .wgt yóò rí orúkọ, àwòrán àti ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí manifest ń béèrè nínú config.xml rẹ̀.