Ọgọ́rùn-ún: Àdúgbò Tí Gbogbo Èèyàn Ti Ń San Gbèsè Ẹnì Kan

Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ nípa iṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú rí?

Ní ọdún 2007, nígbà tí Tony Blair fẹ́ kúrò nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bìrìtéènì, wọ́n fi í ṣe alábòójútó Chiltern Hundreds. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí owó oṣù, kò sì sí nǹkan kan tó fẹ́ bójú tó. Ìdí rẹ̀ ni pé láti ọdún 1624 ni ilé aṣòfin ti pinnu pé ọmọ ilé kò lè kàn fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin tún sọ pé ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ ọba kan kò gbọ́dọ̀ jókòó nílé náà mọ́. Láti 1751 tí wọ́n ti fún John Pitt ní iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ lọ á tọrọ rẹ̀, á sì gba ibẹ̀ jáde.

Kí wá ni "hundred" yìí? Ọgọ́rùn-ún ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe mọ̀. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún kí ni?

Láyé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi "hide" díwọ̀n ilẹ̀. Hide kan ni ilẹ̀ tó tó bọ́ ìdílé kan, wọ́n sì sábà máa ń kà á sí 120 éékà. Tí hide bá pé 100, ó di Hundred kan. Àmọ́ ẹ má rò pé wọ́n kà á pé pérépéré níbi gbogbo o. Àwọn kan kéré gan-an, àwọn mìíràn sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àríwá àti ìlà-oòrùn, níbi táwọn ará Denmark ti tẹ̀dó, "wapentake" ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tó jáde láti inú gbígbé ohun ìjà. Chiltern Hundreds fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, Stoke, Desborough àti Burnham, ní Buckinghamshire.

Láàárín ọdún 900 sí 1000 ni ètò yìí fìdí múlẹ̀. Òfin kan láti ìgbà náà sọ pé kí àwọn ará Ọgọ́rùn-ún máa pàdé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń pàdé: lórí òkìtì, lábẹ́ igi, lẹ́bàá òkúta tàbí níbi tí wọ́n ti ń la odò kọjá. Òkìtì Secklow ṣì wà títí dòní lẹ́yìn ilé ìkàwé ńlá Milton Keynes. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́, tí wọ́n sì ti ń ṣètò bí wọ́n ṣe máa lépa olè, pàápàá olè màlúù. Kódà, ẹnì kankan ò gbọ́dọ̀ so màlúù tí wọn ò mọ̀ rí mọ́lẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí.

Ibi tọ́rọ̀ ti wá kàn wá nìyí. Ọkùnrin tó bá ti pé ọmọ ọdún 12 (ẹ wo àwọn ọmọ JSS 1 wa!) gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́wàá. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ṣẹ̀ tó sì sá lọ, àwọn tó kù ni yóò san owó ìtanràn. Nígbà tí William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Bí wọ́n bá pa ará Normandy kan tí wọn ò rí apààyàn náà mú, gbogbo Ọgọ́rùn-ún ló máa san owó. Ọdún 1340 ni wọ́n tó fagi lé òfin yẹn. Òfin Winchester ti 1285 sì sọ pé bí wọ́n bá ja ẹnì kan lólè, tí àwọn ará Ọgọ́rùn-ún ò mú olè náà, àwọn ni yóò san ohun tó sọnù.

Ó dà bí ìwà ìkà, àbí? Bẹ́ẹ̀, tí gíláàsì fèrèsé kíláàsì bá fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́wọ́, gbogbo wa la máa ń dá owó rẹ̀. Àwọn kan á ní ìyà aláìṣẹ̀ ni. Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Èrò tèmi rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ará Ọgọ́rùn-ún ní kóòtù tiwọn, wọ́n sì láṣẹ láti lépa olè. Ẹrù wà lórí wọn, ṣùgbọ́n agbára wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní ṣèwádìí ní 1274 sí 1275, wọ́n rí i pé ó lé ní ìdajì àwọn Ọgọ́rùn-ún tó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olúwa ilẹ̀, tí owó kóòtù ń wọ àpò wọn. Ẹrù ò kúrò lórí mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n agbára ti lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìrẹ́jẹ ti wọlé.

Nígbà tó yá, ọlọ́pàá dé. Òfin 1886 gbé owó ohun tí rògbòdìyàn bá bà jẹ́ kúrò lọ́rùn Ọgọ́rùn-ún, ó gbé e sórí àpò owó ọlọ́pàá. Ní 1894, ìjọba ìbílẹ̀ tuntun gba ipò wọn. Kò sí òfin kan tó pa Ọgọ́rùn-ún rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ló kàn tán díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ká jọ san gbèsè ẹnì kan, ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi ni pé: ṣé a jọ láṣẹ láti dá a dúró? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ká san án láìjanpata. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká tọrọ àṣẹ náà ná. Kí lẹ̀yin rò?