Igi irú ń tanná nígbà ọ̀gbẹlẹ̀: ohun tá a lè fi gbé ọkàn ró ní Àbújá

Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo bẹntiróòlù kan sì fò kọjá 500 náírà ní Àbújá láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ò lè lọ sílé bó ṣe wù wá mọ́. Owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo ti di ohun tá à ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn ń wúwo.

Ẹ jẹ́ ká wo igi irú, tí àwọn Hausa ń pè ní dorowa. Láti bí oṣù Kọkànlá ni òjò ti ń dáwọ́ dúró níbí. Ọyẹ́ á dé, koríko á gbẹ, iná ìgbẹ́ á sọ ilẹ̀ di dúdú. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn gan-an ni igi irú ń tanná, òdòdó pupa roboto á rọ̀ sílẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe idán. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn wọlẹ̀ débi tí omi ṣì wà, èèpo ara rẹ̀ sì nípọn tí iná kì í fi í tètè wọ inú. Ohun tó kó jọ nígbà òjò ló ń ná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Igi òrí náà ò yàtọ̀: iná á kọjá lára rẹ̀, á tún yọ ewé.

Wíwo igi lásán pàápàá ń ṣiṣẹ́. Ní 1984, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Roger Ulrich, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi, ti àwọn 23 yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń rí igi tètè lọ sílé, oògùn ìrora líle tí wọ́n lò sì kéré.

A mọ̀ pé atẹ́gùn ò lè se ọbẹ̀ o! Ẹni tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n Millennium Park wà ní Maitama, adágún Jabi náà wà ní Jabi. Bí owó ọkọ̀ ò bá sí, igi máńgòrò àdúgbò tó. Ẹgbẹ́ tó ń sanwó gbọ̀ngàn lóṣooṣù lè gbé ìpàdé lọ sábẹ́ igi. Ẹ kàn má dá wọ igbó tàbí gun òkè. Ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í ṣe eré.

Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Púpọ̀ nínú wọn mọ irú nínú ọbẹ̀, wọn ò mọ igi rẹ̀.